Bí mo ṣe fi oògùn olómi tọ́jú ara yíyún ọmọ mi fún ọjọ́ 8

Ẹni tó bá mọ télọ̀ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde á mọ ohun tí ojú wa máa ń rí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kó aṣọ wá, oníkálukú ló fẹ́ kí tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Bùbá 14 ló wà lórí tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà tó di nǹkan bí agogo 11, Àbẹ̀kẹ́ jáde wá láti yàrá. Ọmọ ọdún 4 ni. Ó ń họ ikùn bí ẹni tó fara kan wèrèpè.

Mo ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ara ti wú káàkiri: òmíràn ò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, òmíràn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, etí wọn pọ́n, àárín wọn ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń họ ibì kan ni ibòmíràn ń yọ.

N kò tíì wá oògùn. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo wo ètè rẹ̀, mo ní kó yọ ahọ́n, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Mo ní kó dárúkọ ara rẹ̀ fún mi, kí n lè gbọ́ bóyá ohùn ti há. Ká ní ètè tàbí ahọ́n ti wú ni, ká ní èémí rẹ̀ ń dún fín-ín-fín, tàbí ó ń bì, tàbí ó ń rọ jọwọrọ, ọkọ̀ ni ǹ bá wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn. Irú àlẹ́jì bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí itan ló lè dá a dúró. Oògùn olómi ò lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n ètè dára, èémí dára, ọmọ ń bínú pé mo ń yẹ òun wò dípò kí n bá òun họ ẹ̀yìn.

Ìyá ọkọ mi, tí à ń bá gbé, ti dìde. Àwọn ló se ìkọ́kọrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ewùrà tí wọ́n fúnra wọn rin, edé àti ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré.

“Edé ni. Ara ẹ̀ ò gba edé. Ìyàwó mi, gbé Piriton wá.”

Oògùn àlẹ́jì ni Piriton, ṣùgbọ́n òun ni oògùn gbogbo nǹkan nílé wa. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ, Piriton. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́, Piriton. Mo tilẹ̀ mọ ilé kan tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní ìdajì hóró kó lè sùn, kí ìyá rẹ̀ lè ráyè ránṣọ. N kò ní sọ ilé ẹni tó jẹ́.

Mo ti ń já hóró náà sí méjì nígbà tí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀fìnkìn àti ibà díẹ̀ ti ń bá ọmọ yìí jà, a sì ń fún un ní oògùn ikọ́. Ó ti lá ti agogo 9. Mo gbé ìgò oògùn ikọ́ náà sábẹ́ iná ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀: chlorphenamine. Mo ka ara páálí Piriton: chlorphenamine. Oògùn kan náà ni, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá fún un! Mo dá hóró náà padà. Mo rẹ tówẹ́ẹ̀lì sínú omi tútù, mo fi lé ibi tó ń yún un jù, mo gé èékánná rẹ̀, mo wọ ṣẹ́mísì òwú tó fẹ̀ fún un, ilẹ̀ sì mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣọ́ọ̀bù oògùn tó sún mọ́ wa jù ni mo kọ́kọ́ yà sí. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ti ń fa abẹ́rẹ́ méjì pọ̀. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì bi mí bóyá ọmọ ti lá nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní mo gbàgbé owó sílé. Irọ́ ni. Mo wọ máàrúwá, ó di ilé ìwòsàn ìjọba.

Dókítà ọmọdé tó rí wa ò tètè kọ oògùn. Ìbéèrè ló ń bi mí. Agogo mélòó ló jẹ ìkọ́kọrẹ́? Agogo 2 ọ̀sán. Ìgbà wo ni ara wú? Agogo 11 alẹ́. Ó ní wákàtí 9 ti pọ̀ jù, pé àlẹ́jì oúnjẹ sábà máa ń yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2. Ṣé ó ti ń jẹ edé tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, tí kò ní jẹ edé! Ìgbà tó gbọ́ nípa ibà Ọjọ́bọ̀ ló mi orí. Ó ní nínú àwọn ọmọdé, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn yẹn gan-an ló sábà máa ń fa irú ara wíwú báyìí, pé ẹni tó bá sì wà nítòsí lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Edé ló wà nítòsí.

Mo bi í pé kí ni oògùn àlẹ́jì ń ṣe gan-an. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ awọ tó di nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní histamine sínú àpò. Tí ara bá bínú, wọ́n á tú àpò náà. Histamine á wá ibi tí wọ́n ṣe fún un lára iṣan ẹ̀jẹ̀, á jókòó síbẹ̀, omi á máa sun jáde, awọ á wú, á máa yún. Oògùn àlẹ́jì kì í palẹ̀ histamine mọ́. Ìjókòó ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yé mi wẹ́kú: bí oníbàárà tó tètè dé, tó ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn á dúró síta. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí n dúró di ìgbà tí ara bá tún yún un kí n tó fún un. Kí oògùn náà ti wà lórí àga.

Ó ní Piriton náà ń gba àga ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ inú ọpọlọ, òun ló ń fa oorun, àwọn ọmọ mìíràn á sì máa ta kiti kiri ilé dípò kí wọ́n sùn. Kì í sì pẹ́ nínú ara, wákàtí 4 sí 6. Ó ní Phenergan, tó jẹ́ oògùn àlẹ́jì mìíràn, ká má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Cetirizine olómi, oògùn àlẹ́jì mìíràn, ló kọ fún wa. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dé ọpọlọ, ó sì ń pẹ́ lára. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá kíndìnrín ń yọ ọmọ lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni oògùn náà ń gbà jáde. Ó ní ká dá oògùn ikọ́ yẹn dúró pátápátá.

Níbi tí mo ti ra oògùn, mo wo nọ́ńbà NAFDAC, mo wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, mo wo ọ̀já ẹnu ìgò bóyá wọ́n ti já a. Kò sí télọ̀ ẹgbẹ́ mi tó lè gbàgbé oògùn eyín ọmọ wẹ́wẹ́ ti 2008, tí májèlé kan tó ń jẹ́ diethylene glycol wọ inú rẹ̀, tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Mo tún wo bí oògùn náà ṣe le tó: milligram 5 nínú milliliter 5. Ti Àbẹ̀kẹ́, milligram 2.5 (milliliter 2.5 nìyẹn) láàárọ̀, 2.5 lálẹ́, bí dókítà ṣe kọ ọ́ fún ọjọ́ orí rẹ̀.

Màmá ní ìyẹn ò le, ìdajì ṣíbí ni. Ṣùgbọ́n èmi tó ń fi téèpù jẹun mọ ohun tí ìdajì ínṣì lè ṣe fún aṣọ. Mo gba síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ apòògùn, mo fi wọn omi sínú ṣíbí tíì méjì tó wà ní ìdáná wa. Ọ̀kan gba milliliter 3, èkejì gba 6! Inú agolo kan náà la ti ń mú wọn. Gbogbo oògùn tí mo ti fi ṣíbí wọ̀nyẹn wọ̀n láti ìgbà tí mo ti bímọ kọjá lójú mi.

Bí mo ṣe ń fún un nìyí. Mo máa ń fa oògùn kọjá ìlà 2.5, màá ta síríńjì lóókan kí afẹ́fẹ́ gòkè, màá tì í padà sórí ìlà gan-an. Ó máa jókòó, kì í dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń fi ẹnu síríńjì sí, kì í ṣe ọ̀fun, màá máa tì í díẹ̀díẹ̀, kó gbé e mì kí n tó tún tì. Lọ́jọ́ kìíní mo tì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tu gbogbo rẹ̀ sára bùbá oníbàárà kan. (Mo fọ̀ ọ́. Kò hàn.) N kò pò ó mọ́ ẹ̀kọ, torí kò sígbà tí Àbẹ̀kẹ́ mu ẹ̀kọ tán rí.

Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo ń kọ ọ́ sí, nítorí lọ́jọ́ kejì ọkọ mi ti fún un kí ó tó jáde, èmi náà sì ti fa tèmi sínú síríńjì. Ẹ ṣí ìwé náà báyìí, ẹ óò rí i: àyà 42, ọwọ́ 23, Àbẹ̀kẹ́ 2.5, agogo 7 àárọ̀, bàbá rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí dókítà náà kọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fi báírò yí ibi mẹ́ta tó wú ní itan rẹ̀ ká. Nígbà tó di àárọ̀, òbírí báírò mẹ́ta ló kù, awọ inú wọn mọ́lẹ̀ kedere, àwọn tuntun ti kó lọ sí ẹ̀yìn. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ọ̀kan bá dúró sójú kan ju ọjọ́ kan lọ, tó ń dùn ún dípò kó yún un, tàbí tó fi àpá dúdú sílẹ̀, ká gbé e padà wá.

Lọ́jọ́ kẹta, tuntun ṣì ń yọ. Màmá ní, “Oògùn òyìnbó yín yìí, ṣé ó gbọ́ràn?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wò ó, ó sùn di àárọ̀, kò họ ara.” Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé Piriton kúrò lórí fíríìjì. Lọ́jọ́ karùn-ún, méjì péré ló yọ. Lọ́jọ́ kẹfà, kò sí nǹkan kan. Dókítà ti ní kí n ṣì fún un fún ọjọ́ 2 lẹ́yìn tí ara bá ti mọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sùn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn ìyẹn ariwo rẹ̀ padà sípò.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, Màmá tún se ìkọ́kọrẹ́. Dókítà ti ní kò sí èèwọ̀, síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣa edé kúrò nínú àwo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o sínú tiwọn. Àbẹ̀kẹ́ wò wọ́n títí. Ló bá na ọwọ́ sínú àwo Màmá, ó mú èyí tó tóbi jù, ó jù ú sẹ́nu.

Màmá gbójú sókè wo aago ògiri. Èmi náà wò ó. Agogo 11 kọjá díẹ̀ ni. Nígbà tó di agogo 1 kọjá, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n ká aṣọ rẹ̀ sókè, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n lọ gbé gèlè àwọn wá, pé àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń kọjá.