Bí a ṣe ń dá ẹ̀bùn orin mọ̀ lára ọmọ kékeré, àti bí a ṣe ń tọ́ ọ dàgbà

Ní Abẹ́òkúta, ó ṣòro kí òpin ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ìlù má dún ládùúgbò, yálà níbi ìgbéyàwó, ìkómọjáde tàbí ìsìnkú àgbà. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá jó síwájú onílù, tí àwọn àlejò sì ń lẹ owó mọ́ ọn ní iwájú orí, kíá ni wọn yóò ti sọ pé olórin ni yóò jẹ́. Èmi kò ka ijó yẹn sí àmì tó dájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ yá ló ń jó bẹ́ẹ̀, ariwo àwọn àgbà ló sì ń mú orí wọn wú. Etí ni ẹ̀bùn orin ti kọ́kọ́ ń fi ara hàn. Ọmọ tó ní in lè jẹ́ èyí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò jó rárá, tó tẹjú mọ́ ọwọ́ onígúdúgúdú títí orin fi parí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí òbí ní láti ṣe ni kí ó máa kíyè sí ọmọ nígbà tí ọmọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ṣé orin tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lánàá ló ń kọ lónìí, tí ohùn rẹ̀ sì ń gòkè níbi tó yẹ kó ti gòkè, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Bí ó bá ń lu abọ́ àti ìkòkò, ṣé ó fẹ́ mọ bí ìró wọn ṣe yàtọ̀ síra ni, àbí ó kàn fẹ́ pariwo? Ọmọ tó fẹ́ pariwo yóò lu ohun kan náà kíkankíkan, ṣùgbọ́n èyí tó ń fi etí ṣiṣẹ́ yóò lu ọ̀kan, yóò dúró, yóò lu ìkejì, yóò sì tún padà sórí ti àkọ́kọ́. Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, tí ọ̀pọ̀ òbí kì í kà sí orin rárá: ọmọ tó ti Èkó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń fa ọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ṣe ń fà á. Etí tó lè gba ohùn ọ̀rọ̀ mú bẹ́ẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń ṣọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lè dán ọmọ wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rí bí eré lójú rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ mú orin kan tó mọ̀ dáadáa, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ níbì kan ṣoṣo, kí ohùn yín lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Ẹ fi imú kùn ún ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i, nítorí pé nínú èdè Yorùbá, bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè yí pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ yóò sì ti ara ọ̀rọ̀ mọ àṣìṣe náà dípò kó ti ara orin mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá gbójú sókè, tó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tó fúnra rẹ̀ kùn ún bó ṣe yẹ, ti sọ ohun púpọ̀ fún yín nípa etí rẹ̀. Bákan náà, ẹ pàtẹ́wọ́ sí orin kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ lójijì láàárín orin, kí ẹ wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò máa bá a lọ láìsáré, láìfalẹ̀. Eré tẹ́ńtẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin máa ń ṣe lójúde, níbi tí àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò kan náà, ń fi irú nǹkan yìí hàn láìjẹ́ pé àgbà kankan dá sí i. Àlọ́ náà dára púpọ̀: ẹ máa wo ẹni tó ń bọ́ sí ègbè lásìkò, tí ohùn rẹ̀ sì bá ohùn ẹni tó ń lé orin dọ́gba.

Ẹ má tètè dájọ́ ṣá o. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lè fi ohùn tọ orin gúnlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà tàbí méje, bí etí wọn tilẹ̀ dá ṣáṣá. Nígbà mìíràn, àgbà gan-an ló ni ẹ̀bi: bàbá tó fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé orin, tó wá ń bínú pé ọmọ kò gbè é dáadáa, ti gbé orin náà síbi tí ohùn ọmọdé kò lè dé. Ẹ fi ohùn òkè díẹ̀ kọ ọ́. Kí ẹ sì tó sọ pé ọmọ kò ní etí orin, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́ràn. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn kì í dá lára rẹ̀, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lemọ́lemọ́, lè má gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ sí i. Ẹ má da òróró tàbí àgbo sí irú etí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ títọ́ ẹ̀bùn dàgbà ni ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí pé àwa ènìyàn máa ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Ní ìlú yìí, ìdílé Ransome-Kuti ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń kọrin ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, a sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920; ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School, a máa tẹ dùùrù; ọmọ Israel sì ni Fẹlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, tó lọ kọ́ nípa orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ẹ̀jẹ̀ lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ro irú ilé tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé àwọn Àyàn, níbi tí ọmọ ti ń jókòó ti ìlù bàbá rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ìró tó yí ọmọ ká ni kí òbí tí kì í ṣe olórin gbìyànjú láti pèsè. Edwin Gordon, onímọ̀ ẹ̀kọ́ orin ará Amẹ́ríkà, kọ́ni pé ìwọ̀n ẹ̀bùn orin ọmọ ṣì lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ nítorí ohun tó ń gbọ́ títí di nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn èyí tí yóò dúró síbi tó bá dé.

Ẹ máa kọrin sí i lójoojúmọ́, nígbà ìwẹ̀ tàbí nígbà tí ẹ bá ń dì í ní irun, kí ẹ sì jẹ́ kí orin náà yàtọ̀ síra. Ẹ fi orin sákárà Yusuf Ọlátúnjí sí i, kí ẹ ní kó wá ìró gòjé (ohun èlò olókùn tí à ń fi ọrun fà) rí, nítorí pé gòjé máa ń tẹ̀ lé ohùn olórin, ọmọ yóò sì kọ́ láti ya ìró kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wúlò. Ilé kéwú náà wúlò ju bí àwọn kan ṣe rò lọ: inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni fújì ti jáde, àáfà sì lè ti mọ ọmọ tí ohùn rẹ̀ dúró dáadáa kí òbí rẹ̀ tó mọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a gbé ọmọ jókòó sí iwájú ẹ̀rọ agbóhùngbóhùn níbi àríyá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tí à ń kì sí etí ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ìró rẹ̀ fún ọmọdé má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe pọ̀ tó) 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Ohun èlò orin lè dúró di ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ìyáìlù kò yẹ ọmọ kékeré, nítorí pé apá rẹ̀ kò tíì lágbára láti fún ọsán mọ́ra. Agogo, ṣẹ́kẹ́rẹ́ kékeré tàbí gúdúgúdú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti di àkókò mú láìyẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Àyàn pàápàá, ọmọ yóò ti pẹ́ lórí ìlù tó ń gbè kí wọ́n tó gbé ìyáìlù kọ́ ọ léjìká. Bí ẹ bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù, ẹ ra èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi tó ti dùùrù gidi, kí ẹ sì pa ìlù tó ń dá lù nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ jókòó níbi tó ti ń kọ́ ọmọ mìíràn. Bí ó bá ń kọrin tàbí lu ìlù fún ọmọ gbọ́ kí ó tó ní kí ọmọ ṣe é, ó mọ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àti ẹgba ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà nílé. Bí ó bá sọ pé òun kò ṣe mọ́, ẹ bi í bóyá orin ló sú u tàbí olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ ṣeé pààrọ̀.