Bí mo ṣe to ogun Òkè-Méje, tí Màmá fi bi mí pé ta ló ń gúnyán

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mà á ṣàlàyé bí mo ṣe to apá ogun inú ìwé tí mo ń kọ yìí, ó ti parí báyìí, ẹ jẹ́ n rò ó. Ayé kan ni mo dá sílẹ̀ látinú orí ara mi, Òkè-Méje lorúkọ ẹ̀. Ìlú méje lórí òkè, igbó dí wọn mọ́nú, ọba méje, kò sì sí èyí tó fẹ́ rẹlẹ̀ sí ìkejì. Nísàlẹ̀ wọn ni Ọ̀dàn wà, ilẹ̀ títẹ́jú lọ bí ẹní, ìjọba ńlá tó lẹ́ṣin bí ẹni lérùpẹ̀. Ọ̀dàn ní kí wọ́n wá máa san ìṣákọ́lẹ̀, Òkè-Méje ní àwọn ò san. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi, ló ń ya àwòrán ẹ̀, èmi ń kọ ọ́ lálẹ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi pa ní Adó.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, kí n má purọ́, pàǹtí ni. Mo ní ọmọ ogun 10,000, gbogbo wọn wọ irin látorí dé àtàǹpàkò, nínú oòrùn wa yìí o, 300 nínú wọn sì ń gun àwòdì ńláńlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ya àwòdì kan, ìyẹ́ ẹ̀ pupa, ojú ẹ̀ bí iná mọ́tò, ó dùn ún wò débi pé mo fi í sójú fóònù mi. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti parí iṣẹ́.

Ìgbà tí mo lọ kí Màmá mi àgbà ní Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́jọ́ Sátidé kan ni gbogbo ẹ̀ dàrú. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ tí wọ́n fi rọ́bà táyà wé léèkù yẹn náà ni wọ́n ń lò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn látinú fóònù. Mo kà á débi tí 10,000 ọkùnrin ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè, wọ́n dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n ní, "Yèsí ló ń gúnyán hún wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni mẹ́wàá péré ló bá àwọn ro oko níjelòó, iṣu ńlá mẹ́jọ làwọn gún fún wọn, síbẹ̀ àwọn èèyàn náà ń wo ìdí odó bóyá ó ṣì kù. Wọ́n wá padà sídìí iṣu wọn, wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Kí ni mo fẹ́ kà mọ́?

Lálẹ́ yẹn ni mo mú bírò. Mo kọ́kọ́ dín wọn kù sí 4,000, torí ta ló fẹ́ bọ́ 10,000. Mo wá ní kí oúnjẹ gbígbẹ ẹnì kan lójúmọ́ jẹ́ kìlò kan, ìyẹn sì ni kí ebi má ṣáà pa á kú. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 4,000 kìlò lójúmọ́, àpò 50 kìlò mélòó nìyẹn, 80! Ọgọ́rin àpò lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, lórí òkè tí mọ́tò ò lè gùn, tí kò tiẹ̀ sí mọ́tò láyé yẹn. Iṣu tútù ò sì ṣeé gbé, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ru omi lọ sógun ni. Mo kọ́kọ́ fi gàárì sí i, mo tún yọ ọ́, torí ẹ̀gẹ́ ò kúkú jẹ́ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà làwọn Potogí ti gbé e wá, àgbàdo náà bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnì kan wá bi mí pé ibo ni Òkè-Méje ti rí ẹ̀gẹ́. Bí èlùbọ́ ṣe wọ ìtàn nìyẹn.

Ibi tó wá jẹ́ kí n fi bírò sílẹ̀ ni ti àwọn alárù. Alárù kan lè ru kìlò 25 kó fi rìn látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n alárù náà ń jẹun! Tí ojú ogun bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ 5, á jẹ kìlò 5 lálọ, á jẹ 5 lábọ̀, 15 ló máa kù fún ọmọ ogun. Tó bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ 10, á jẹ 20 nínú 25, 5 péré ló máa kàn yín. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 13, alárù á ti jẹ gbogbo ẹrù tán kó tó délé, ebi á tún pa á lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Mo wo nọ́ńbà yẹn títí. Òun ló sọ fún mi bí ayé mi ṣe máa tóbi tó, mo pa máàpù mi rẹ́, mo fa gbogbo ìlú súnmọ́ra, kó má sí ibi ìjà kankan tó ju ìrìn ọjọ́ mẹ́fà lọ àfi tí oko bá wà lójú ọ̀nà tí wọ́n lè jí wà. Jíjí náà kúkú ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ojú ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó, ẹnì kan á tẹ̀lé ẹnì kan ni. 4,000 èèyàn, ká ní mítà kan àbọ̀ ni láàárín wọn, kìlómítà 6 nìlà yẹn máa gùn. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá gbéra ní Adó, ẹni iwájú á ti rin ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ jìnnà kí ẹni ẹ̀yìn tó gbẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lé ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá lu ẹni iwájú pa, ẹni ẹ̀yìn ṣì ń so bàtà. Torí ẹ̀ ni Òkè-Méje kì í fi jà ní pápá, ìlà ni wọ́n ń gé. Ọgọ́ta èèyàn lè já ìlà 4,000 sí méjì tí wọ́n bá mọ ibi tí ọ̀nà ti fún láàárín àpáta méjì, irú àpáta bẹ́ẹ̀ ló kún ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ rí á mọ nǹkan tí mò ń wí.

Àwòdì wá kù. Mo rò ó pé ẹyẹ tó tó bọ́ọ̀sì ò lè jẹ kéré sí ewúrẹ́ kan lójúmọ́. 300 àwòdì, 300 ewúrẹ́, lójúmọ́! Kóṣù kan tó pé, 9,000, ewúrẹ́ ti tán ní gbogbo Òkè-Méje, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọdé. Mo dín wọn kù sí 12, mo ní wọn kì í jà, iṣẹ́ alamí ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n lọ sókè wo ibi tí èéfín ìdáná ọ̀tá ti ń yọ kí wọ́n padà wá sọ. Àbúrò mi bínú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ba ìwé jẹ́." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi ya nǹkan kan fún mi.

Ti ẹṣin Ọ̀dàn rọrùn, torí ìtàn tiwa ti ṣe é fún mi. Eṣinṣin kan wà nínú igbó, tsetse, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, àìsàn tó ń kó sára ẹṣin á jẹ́ kó máa rù títí á fi ṣubú lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin Ọ̀yọ́ fi dára ní pápá tí kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó, yàtọ̀ sí pé igi ò jẹ́ kó sáré. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé Ọ̀ṣogbo ní nǹkan bí 1840, àwọn ará Ìbàdàn tó fẹsẹ̀ rìn ló lé wọn. Mo wá mú eṣinṣin náà bó ṣe wà, mo fi í sétí igbó Òkè-Méje, mo ní kò sí ẹṣin tó ń kọjá ibẹ̀ tó ń lo òṣù méjì. Gbogbo ògo Ọ̀dàn, eṣinṣin ló dá a dúró. Ẹṣin kan ṣoṣo sì tún fẹ́ tó kìlò 10 koríko àti bíi lita 30 omi lójúmọ́, ẹ wá fi 2,000 ẹṣin ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ó ti rẹ̀ mí.

Mo tún ṣe nǹkan kan tí àwọn aládùúgbò fi rò pé orí mi ò pé. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí kéèyàn gbé ẹrù gun òkè, mo bu omi kún kẹ́ẹ̀gì lita 10 méjì, kìlò 20 nìyẹn, mo so wọ́n pọ̀ mo gbé e kọ́rùn, mo dojú kọ òkè ẹ̀yìn ilé wa láàárọ̀ kùtù. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọmọ ogun ń kọrin bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Orin wo? Mi ò tíì dé ìdajì, ẹnu mi ti gbẹ, okùn ti ń jẹ mí lọ́rùn, ìrì wà lórí àpáta, bàtà mi yọ̀, kẹ́ẹ̀gì kan já ó ń yí lọ gbàgà gbàgà, ìdérí ẹ̀ ṣí, omi dà nù. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń mí bí ajá ọdẹ. Ìyá kan tó ń tibi oko bọ̀ ru igi ìdáná tó pọ̀ ju ẹrù mi lọ, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n ń bá tiwọn lọ. Mo yọ orin kúrò. Mo sì kọ ọ́ pé obìnrin tó ń ru igi ló pọ̀ jù nínú àwọn alárù.

Ta ló máa wá jẹ́ olórí? Oyè ò nira, Balógun, Ọ̀tún, Òsì, Sẹ́ríkí, a ní wọn nílẹ̀, ẹ má lọ máa dá oyè tí ẹnu ò lè pè sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọba méje ò lè gbà kí ọmọ ọba mìíràn pàṣẹ fún ọmọ tiwọn. Níbí ni mo ti ronú nípa Kírìjí, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, tó jẹ́ pé lẹ́yìnkùlé Màmá gan-an ni, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló dá a sílẹ̀ nígbà tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ẹni tí wọ́n rán wá ṣojú wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá di olórí ogun Èkìtìpàrapọ̀. Mo ní kí Òkè-Méje náà lọ bẹ ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ọba ìkankan nínú méjèèje, kó kọ́kọ́ kọ̀ kó tó gbà. Ogun yẹn, 1877 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ibùdó ò tú títí di 1893. Ọdún mélòó nìyẹn? Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ogun tèmi parí lọ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sọ ọ́ di ọdún méje, ọmọ tí wọ́n bí ní ibùdó ti ń sáré kiri kí ogun tó parí.

Nǹkan míì tí mo mú níbẹ̀ ni ìbọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló bá ará ilé wá ìbọn Snider, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, èèyàn lè dùbúlẹ̀ kó máa yìn ín, kì í ṣe bíi ṣakabùlà tó o máa nàró kó o tó ki í lẹ́nu. Ìró àwọn ohun ìjà náà ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ, kírìjí, kírìjí. Kò síbọn láyé tèmi, àmọ́ mo jẹ́ kí ohun ìjà tuntun wá látọwọ́ ọmọ ilé tó ń ṣòwò létí odò jíjìn, kì í ṣe látọwọ́ babaláwo kan tó kàn yọ láti inú ihò.

Ti oògùn, òun ni mo gbádùn jù. Mo sọ pé gbogbo òkígbẹ́ ló ní èèwọ̀. Irin ò wọlé sí ọ lára, ó dáa, àmọ́ èèwọ̀ kan wà tí o kò gbọ́dọ̀ rú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó bó ṣe yí gbogbo ogun padà, alamí ò wá iye idà mọ́, èèwọ̀ ni wọ́n ń wá. Mo ní Balógun Ọ̀dàn ò gbọ́dọ̀ jẹ ilá. Ìyá Alásè, obìnrin Òkè-Méje kan tó ń tajà ní ibùdó Ọ̀dàn, gbọ́ ọ, ó fi ilá sínú ọbẹ̀ ẹ̀, irin wọlé. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán.

Kí n tó fi í lé àbúrò mi lọ́wọ́, a dán gbogbo ẹ̀ wò lórí tábìlì, ọmọ ayò ni Òkè-Méje, ìdérí mínírà ni Ọ̀dàn, chalk la fi ya òkè. Mo to ìlà tèmi dáadáa. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ jà, ó gba ẹ̀yìn yọ sí abà èlùbọ́ mi, ó ní òun ti sun ún. Lọ́jọ́ kẹrin mi ò ní ọmọ ogun mọ́. Inú ẹ̀ wá dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán padà.

Mo wá gbé orí ìwé náà lọ fún Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kà á débi ilá. Wọ́n ní, "Ta ni ò ní mọ ilá lẹ́nu?" Ó yọ̀, ó ń fà, ẹni tó jẹ́ èèwọ̀ ẹ̀ á ti rí i kó tó kan ahọ́n ẹ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ ọwọ́ wọn na abẹ́ ìkòkò sí mi, ibi tí iná ti ń jó. Wọ́n ní kí èèwọ̀ ẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n fi igi ìrókò sè, pé ta ló ń bi alásè pé igi wo lo fi dáná?

Fóònù mi ku 9 nínú ọgọ́rùn-ún, iná ò sì sí. Mo jókòó ti ààrò wọn níbẹ̀, mo pa ilá rẹ́, mo ń kọ ọ́ tuntun, wọ́n sì ń sọ fún mi bí èéfín igi kọ̀ọ̀kan ṣe rí.