Àṣìṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Yunifásítì Fìyà Jẹ Nítorí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wọn

Ó ń dùn mí bí àwọn òbí ṣe ń ta ilẹ̀ san owó lọ́yà lórí ẹjọ́ tí ọmọ wọn ti fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwa lọ́yà. Ọmọ kọ ọ́ sórí Facebook pé omi kò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, iléèwé ní ó ba orúkọ àwọn jẹ́, wọ́n sì dá a dúró.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi òfin Amẹ́ríkà lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ jà ní Nàìjíríà. Abala 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, ṣùgbọ́n abala 45 gbà kí òfin pààlà sí i nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn.

Èkejì, ẹ má buwọ́ lu ìwé àforíjì tí iléèwé ti kọ sílẹ̀ dè yín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni kíkọ̀ láti lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, òun kò lọ. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ wà, nítorí pé àwọn adájọ́ kì í fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé yunifásítì àyàfi tí wọ́n bá rí i pé iléèwé tẹ abala 36 lójú, èyí tó ní kí a gbọ́ tẹnu olúkúlùkù. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà èèyàn ni. Nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1983, igbákejì ọ̀gá àgbà tí ọ̀ràn náà kàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé lílé tí wọ́n lé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo gbẹjọ́ rẹ̀ rò mú ìwé àjákọ kékeré wọlé síwájú ìgbìmọ̀, ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó, ó béèrè ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó kọ, wọn kò fún un, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀sùn kàn án wà lára àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́. Ojú ìwé yẹn ni mo gbé lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn mìíràn a sáré pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nígbà tó jẹ́ pé kí iléèwé gba àwọn padà ni wọ́n ń wá. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2006, nínú ẹjọ́ tó kan Yunifásítì Ìlọrin, pé ọ̀nà yẹn kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ̀hónú hàn sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ọjọ́, nítorí oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí lẹ́tà tí iléèwé fi dá yín dúró tàbí lé yín tẹ̀ yín lọ́wọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó pe lọ́yà kankan.