Ẹ Fi Ewúrẹ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń So Kámẹ́rà Mọ́ Ẹranko Lọ́rùn

Ọdẹ tó mọ igbó Ìdànrè jù lọ kò lè bá ìgalà rìn mọ́jú. Ìgalà á ti gbóòórùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń so kámẹ́rà mọ́ ẹranko fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1986, Greg Marshall, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, wà lábẹ́ òkun ní Belize nígbà tó rí ẹja kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ẹja ekurá lára. Ó ní bí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má tíì wọ igbó o. Ewúrẹ́ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ewúrẹ́ Àkúrẹ́ á jáde láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan péré sílẹ̀: kí ló ń jẹ láti aago mẹ́wàá sí aago méjì?

Ó kan òṣùwọ̀n, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ gbé ewúrẹ́ mọ́ra, kí ẹ jọ gorí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Kámẹ́rà, bátìrì àti okùn lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ẹranko lọ. Àwọn kan gbà á dé 5. Ewúrẹ́ kílò 20 lè ru gíráàmù 600. Òkété kílò kan? Gíráàmù 30. Ihò tóóró ló sì ń wọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bẹ́líìtì awọ tó fẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gé e sí méjì níbì kan, kí ẹ fi òwú ran án pọ̀. Bí igi bá há a, òwú á já, ewúrẹ́ á lọ. Nínú igbó, òjò àti ìrì ló máa ń jẹ òwú náà títí tí bẹ́líìtì á fi já bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣètò kámẹ́rà kó máa ya ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní ìṣẹ́jú 10-10. Wákàtí mẹ́rin á wá di fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n má baà pè é ní oògùn. Ewúrẹ́ ò mọ ilé onílé: bí kámẹ́rà bá ya ìyá kan nínú ilé ìdáná rẹ̀, ẹ pa fídíò náà rẹ́.

Ẹ da fídíò ọjọ́ kìíní nù, ọrùn ló máa ń gbọ̀n ṣáá lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, ẹ kọ aago, ibi tó wà àti ohun tó jẹ. Ẹ ó rí èèpo iṣu, ẹ sì lè rí ọ̀rá omi.

Ẹranko ìgbẹ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti dókítà ẹranko tó máa fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹranko ìgbẹ́ wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí; ẹ lọ bá wọn. Bẹ́líìtì igbó gbọ́dọ̀ ní rédíò tó ń sọ ibi tó já bọ́ sí. Kí ẹ tó so ó, ẹ gbé e pamọ́ sínú igbó, kí ẹ rán ẹlòmíì lọ fi rédíò náà wá a.