Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà ya pọ́límà fún sólà oníkábọ́ọ̀nù

Kí n tó ya ohunkóhun, iye tí mo ń wá ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. HOMO ni ìpele agbára tó ga jù tí ẹlẹ́kítírọ́nù wà nínú mọ́líkù. LUMO ni ìpele òfìfo tó tẹ̀ lé e. PCBM, mọ́líkù tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́nù nínú sólà, ni pọ́límà mi (ẹ̀wọ̀n gígùn tí ẹyọ kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe) yóò máa gbé ẹlẹ́kítírọ́nù fún, -4.3 eV (eV ni a fi ń wọn agbára ẹlẹ́kítírọ́nù) la sì máa ń ka LUMO rẹ̀ sí. LUMO pọ́límà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 0.3 eV ga ju ìyẹn lọ, kí ẹlẹ́kítírọ́nù lè rí ibi sọ̀ sí. Fún fóltéèjì, ẹ mú iye HOMO pọ́límà láìka àmì odi rẹ̀ sí, ẹ yọ 4.3, ẹ tún yọ 0.3: HOMO -5.4 eV á fún yín ní 0.8 V. Scharber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìṣirò yìí jáde lọ́dún 2006. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń wá bí àlàfo HOMO àti LUMO á ṣe kéré kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé HOMO ni wọ́n gbé sókè kó tó kéré, fóltéèjì ni wọ́n fi san án.

Nínú Avogadro, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya mọ́líkù, mo to benzothiadiazole 1 pọ̀ mọ́ thiophene 4 (òrùka átọ́ọ̀mù ni wọ́n) láti di ẹyọ kan pọ́límà náà. Ẹ̀ka gígùn tó ń jẹ́ kí pọ́límà yòrò á fi àkókò ṣòfò, nítorí náà mo fi methyl, ẹ̀ka kúkúrú oníkábọ́ọ̀nù 1, rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi hydrogen rọ́pò rẹ̀ o, torí methyl ló máa fi hàn bóyá ẹ̀ka náà ń ti òrùka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí thiophene tó kan benzothiadiazole, ipò 3 dojú kọ ọ́, á sì lọ́ ẹ̀yìn pọ́límà. Ipò 4 ni mo fi í sí. Tí òrùka méjì bá fi ju 30° lọ́ síra wọn, ẹlẹ́kítírọ́nù kò ní lè tàn káàkiri dáadáa, àlàfo á sì fẹ̀.

ORCA, ètò tó ń ṣe ìṣirò mọ́líkù, ni mo lò: `! B3LYP D3BJ def2-SVP Opt Freq` (B3LYP ni ọ̀nà ìṣirò, Opt ń wá ìrísí tí mọ́líkù fìdí kalẹ̀ sí, Freq ń ṣírò ìgbọ̀nrìrì rẹ̀), pẹ̀lú `%pal nprocs 4 end` àti `%maxcore 1500` lórí kọ̀ǹpútà 8 GB. Maxcore ni iye mẹ́mọ́rì, ní MB, fún core kọ̀ọ̀kan nínú 4 tí mo lò. Ẹni tó bá kọ 6000 síbẹ̀ ti bèèrè 24 GB, iṣẹ́ á sì dákú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ ka iná tó ń lọ mọ́ iṣẹ́ náà. Opt kì í fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Ẹ mú .xyz tó kẹ́yìn (fáìlì ipò àwọn átọ́ọ̀mù), ẹ fún .gbw (fáìlì ọ́bítà ẹlẹ́kítírọ́nù) ní orúkọ mìíràn, kí ẹ fi `MOREAD` àti `%moinp` pè é.

Tí Freq bá gbé nọ́ńbà odi jáde, mọ́líkù kò tíì fìdí kalẹ̀ nìyẹn: mo sún àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ibi tí ìgbọ̀nrìrì yẹn ń tọ́ka sí, mo tún un ṣe.

Mo ṣe ẹ̀wọ̀n oníẹyọ 1, 2 àti 3, mo ya HOMO sí 1/n (n ni iye ẹyọ) láti fojú díwọ̀n ti ẹ̀wọ̀n gígùn. Ìlà náà máa ń tẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n bá ṣe ń gùn, nítorí náà ìfojúdíwọ̀n ni. Mo ṣe P3HT, pọ́límà sólà tí a mọ̀ dáadáa, lọ́nà kan náà láti fi HOMO rẹ̀ wé -5.0 eV tí wọ́n sábà máa ń wọ̀n, kí n lè mọ ibi tí B3LYP ń fì sí.

Fluorine 2 lórí benzothiadiazole ló ṣe mí lóore jù: HOMO àti LUMO jọ rì, àlàfo fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, F (fluorine) sì ń fa S (sulphur) thiophene mọ́ra kí ẹ̀yìn pọ́límà lè tẹ́jú. Ẹ ṣáà tún LUMO wò lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti rì kọjá -4.0, ẹ yọ fluorine 1.