Bí mo ṣe rí Renault Zoe àlòkù tó lè gba iná lọ́nà méjèèjì

Ohun tí mo ń wá kò ju ọkọ̀ kékeré oníná kan lọ: Renault Zoe àlòkù tí bátìrì rẹ̀ tóbi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, tí bátìrì náà jẹ́ ti ẹni tó ra ọkọ̀, tó sì lè gba iná AC (irú ti inú ilé) àti iná DC (ti ẹ̀rọ ńlá etí títì). Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí yóò rò pé kò le. Zoe pọ̀ lọ́jà àlòkù ní Bìrìtéènì, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti pàdé lára rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ohun tó sì jẹ́ kí wíwá rẹ̀ le sí i ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn.

Inú fúláàtì ni mò ń gbé ní Peckham, n kò ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tí mo lè fi ẹ̀rọ ìgbaná sí. Òpó iná títì ni mo gbójú lé. Wọ́n ti fi ihò iná sára ọ̀pọ̀ òpó wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi kìlówáàtì 5 ló sì ń jáde lára wọn, èyí tó tó fún ẹni tí yóò so ọkọ̀ mọ́ ọn lálẹ́ tí yóò tú u láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni àwọn ènìyàn wa wà. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Leeds, tàbí tí àgbà kan papòdà tí wọ́n gba gbọ̀ngàn sí Manchester, mo gbọ́dọ̀ lè gba iná lójú ọ̀nà kíákíá, kí n sì dé kí wọ́n tó pín ìrẹsì tán.

Ibi tí ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì ti ṣe pàtàkì nìyí. Iná AC, irú èyí tó wà nínú ilé, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀rọ kan tó wà nínú ọkọ̀ kọjá, kí ẹ̀rọ náà yí i padà sí DC tí bátìrì lè gbà. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣe lágbára tó ni iná náà ṣe ń yára wọlé tó. Ní ti DC, ẹ̀rọ ńlá tó wà létí títì ti yí iná náà padà kó tó dé ara ọkọ̀, inú bátìrì ló sì ń wọ̀ tààrà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná kò lè gbà ju kìlówáàtì 7 tàbí 11 lọ ní ti AC. Zoe lè gba 22, nítorí náà níbi tí òpó bá ti lè fún un ní iye bẹ́ẹ̀, bíi wákàtí mẹ́ta ni bátìrì kìlówáàtì-wákàtí 52 rẹ̀ yóò fi kún, nígbà tí ẹ̀rọ 7.4 tó wọ́pọ̀ nílé yóò lò tó wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ihò DC tí wọ́n ń pè ní CCS lè gbà tó kìlówáàtì 50. Kí ọkọ̀ kékeré kan gba 22 ní AC, kó sì tún gba 50 ní DC, kò wọ́pọ̀ rárá, òun gan-an sì ni èmi tí n kò ní ògiri ilé nílò.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó wà ní ibi ìsinmi lójú ọ̀nà máròsẹ̀ sábà máa ń ní okùn AC pẹ̀lú ti DC, tí Zoe tí kò ní CCS fi ń rí nǹkan mu níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ báyìí kì í sábà ní okùn AC mọ́. Zoe tí kò ní CCS yóò dé ibẹ̀ bí ẹni tó gbé ìgò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àpò ta gàrí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo pín ohun tí mo fẹ́ sí ọ̀nà méjì: èyí tí a kò lè fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rà á, àti èyí tí a lè fi kún un. Bátìrì, ẹ́ńjìnnì àti ihò CCS wà ní ìpín àkọ́kọ́, nítorí owó tí yóò ná ènìyàn láti fi CCS sí Zoe tí kò ní in láti ilé-iṣẹ́ kò bá ọgbọ́n mu. Kámẹ́rà ẹ̀yìn, ìjókòó tó ń gbóná àti irú rédíò tó wà nínú ọkọ̀ wà ní ìpín kejì. Tìmùtìmù oníná tí wọ́n ń tà lọ́jà lè gbóná lábẹ́ ìdí mi bí ti ilé-iṣẹ́, kámẹ́rà náà kò sì ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Old Kent Road. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é ní òdìkejì, wọ́n á gbá ojú mọ́ ìjókòó aláwọ àti àwọ̀ ọkọ̀, wọn á wá máa wá ibi tí wọn yóò ti gba iná lẹ́yìn tí owó ti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ọdún dín ọjà náà kù. Zoe bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní Bìrìtéènì ní 2013 pẹ̀lú bátìrì kìlówáàtì-wákàtí 22. Èyí tí wọ́n ń pè ní ZE 40, tí tirẹ̀ jẹ́ 41, tẹ̀ lé e. ZE 50, tó ní 52, ni wọ́n fi hàn ní 2019. Kò sí èyí tó lè gba iná DC nínú àwọn tó ṣáájú ZE 50, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ń búra. Wọ́n dá ṣíṣe Zoe dúró pátápátá ní 2024. Nínú ZE 50 fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà, R110 tó jẹ́ kìlówáàtì 80 àti R135 tó jẹ́ 100. R110 tó fún ìgboro, ó sì máa ń jìnnà díẹ̀ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ ọ̀nà M1 pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta àti kúlà oúnjẹ nínú búùtù yóò fẹ́ R135.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Zoe kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà láìta bátìrì inú rẹ̀: ọkọ̀ jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n o ní láti máa san owó oṣooṣù lórí bátìrì, ẹrù náà sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. Lẹ́tà «i» kékeré tó ṣáájú orúkọ irú ọkọ̀ ló ń fi hàn pé wọ́n ra bátìrì pọ̀ mọ́ ọn. Bí o bá rí Zoe tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Èmi kò fi ti lẹ́tà nìkan ṣe; gbogbo ọkọ̀ tí mo fẹ́ lọ wò ni mo san owó kékeré láti yẹ ìtàn rẹ̀ wò bóyá gbèsè tàbí àdéhùn yíyá kankan ṣì wà lórí rẹ̀, mo sì ní kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé bátìrì wà lára ohun tó ń tà.

Àwọn ìpolówó ló gba àkókò mi jù. Ihò iná Zoe wà ní imú ọkọ̀ gan-an, lẹ́yìn àmì Renault, àmì náà sì máa ń wà ní pípadé nínú fọ́tò. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tó yà Zoe tí mo fẹ́ sọ́tọ̀ kì í hàn sí ẹni tó ń wo ìpolówó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kò tún ràn mí lọ́wọ́. «Rapid Charge» wà nínú orúkọ àwọn kan tó ní CCS lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń kọ ọ́ nítorí pé kìlówáàtì 22 ti yára lójú tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn tó ní CCS kò kọ ohunkóhun nítorí pé kò sí ẹni tó ṣí imú ọkọ̀ náà rí lọ́dọ̀ wọn. Mo wá pinnu pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ náà wá ọkọ̀ mọ́. Gbogbo ZE 50 R135 tó wà ní àyíká tí mo lè dé ni mo kó jọ, mo sì ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí àmì iwájú ọkọ̀ yẹn, kí ẹ ya ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.»

Ìdáhùn wọn yàtọ̀ síra. Ẹnì kan ya okùn tó wà nínú búùtù, òmíràn tún ya imú ọkọ̀ ní pípadé bó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì sọ lórí fóònù pé gbogbo Zoe ló ń gba iná kíákíá, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Bí fọ́tò bá dé, ojú lásán ti tó láti mọ̀ ọ́n: ihò róbótó kan ṣoṣo túmọ̀ sí AC nìkan, bí ihò ńlá méjì bá tún wà nísàlẹ̀ róbótó náà, tó sábà máa ń ní ìdérí, CCS nìyẹn. Fọ́tò inú ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n àárín ọkọ̀ jẹ́ ínṣì 9.3 lára ìsọ̀rí Zoe tí wọ́n ń pè ní GT Line, ó sì gùn wálẹ̀, nígbà tí ti àwọn ìsọ̀rí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7, nítorí náà mo lè mọ GT Line kódà bí olùtajà kò bá kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi mẹkáníìkì ló mú ọ̀rọ̀ ààbò wá. «Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé wọ́n fún ọkọ̀ yìí ní òdo?» Mo mọ̀ ọ́n. Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, fún Zoe ní ìràwọ̀ márùn-ún ní 2013, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún dán an wò ní oṣù Kejìlá 2021, wọn kò fún un ní ẹyọ kan. Ìdánwò náà ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan: àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó iwájú tó ń dáàbò bo orí àti àyà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fi èyí tó ń bo àyà nìkan rọ́pò. Èmi tí mo sábà máa ń dá wà nínú ọkọ̀, tí mo ń rìn ní máìlì 20 láàárín wákàtí ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé mo lè fara mọ́ ọn, mo sì fi í dúnàá-dúrà. Mo fi ìjánu tó ń fúnra rẹ̀ mú nígbà ewu kún ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtajà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ kéékèèké lójoojúmọ́, èmi kò ní rọ̀ ọ́ pé kó ra Zoe, bó ti wù kí CCS rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tó.

Èyí tí mo rà wà lọ́wọ́ dílà kékeré kan ní Northampton. GT Line R135 ni, lẹ́tà «i» wà níbẹ̀, ìpolówó rẹ̀ kò sì mẹ́nu kan CCS rárá. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ṣí imú ọkọ̀ náà, ó ya á, ihò méjèèjì sì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi lé e kò ju ti èyí tí kò ní CCS lọ. Kí n tó gbéra, mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo ìtàn ìdánwò MOT rẹ̀ (àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ní Bìrìtéènì) lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, mo sì rí i pé iye máìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá èyí tó wà nínú ìpolówó mu.

Ẹ̀gbọ́n bá mi lọ. A so ẹ̀rọ kékeré oní-Bluetooth mọ́ ihò àyẹ̀wò ọkọ̀, a sì fi áàpù CanZE, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù Android, ka ìlera bátìrì rẹ̀: ó ṣẹ́ ku 94 nínú 100. Ẹ̀rí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ lórí bátìrì náà jẹ́ ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì, nítorí náà ó ṣì ku ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wakọ̀ lọ sí ibi ìgbaná ńlá kan nítòsí, nítorí pé wíwà tí ihò wà lára ọkọ̀ kò tíì fi hàn pé iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo so okùn DC mọ́ ọn, iná wọlé, nọ́ńbà sì gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé 50: òtútù mú bátìrì náà lọ́jọ́ yẹn, Zoe a sì máa lọ́ra nígbà òtútù. A tún so ó mọ́ òpó AC kan, nítorí Zoe lókìkí fún kíkọ iná tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n èyí kò kọ̀.

Kò ní ìjókòó tó ń gbóná. Kámẹ́rà ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Heat pump, ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta kí bátìrì má baà ṣòfò lórí mímú inú ọkọ̀ gbóná, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bó ti wà lára Zoe. Ẹni tó bá ń wá Volkswagen ID.3, ọkọ̀ oníná mìíràn, ní láti wá èyí tó ní heat pump lọ́tọ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní láti san owó lé e kó tó rí i gbà. Okùn tí wọn ń fi gba iná lára ihò ilé lásán kò sí nínú búùtù, okùn òpó títì nìkan ló wà, èyí sì ni mo nílò.

A dúnàá-dúrà díẹ̀, mo sanwó, wọ́n sì já abala ìwé ọkọ̀ tó jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ fún mi. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin 2025 ni àwọn ọkọ̀ oníná ti ń san owó ojú pópó ní Bìrìtéènì, £195 lọ́dún ni ti irú ọdún tí tèmi wà nígbà náà, owó tí ẹni tó ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ san kì í sì í tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Orí fóònù ni mo ti san án nínú ọgbà dílà náà, lẹ́yìn tí mo ti gba ìwé ìdánilójú ìbánigbófò, kí a tó wa ọkọ̀ náà jáde sójú títì.