Bẹ́ ẹ ṣe lè kó ìtàn ẹbí yín tó wà lókè òkun jọ kó tó sọnù

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tọ́mọ yín ti jápa lọ Kánádà, ẹ gbọ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára àwọn ará Ukraine tó ti jápa lọ síbẹ̀ tipẹ́, ọdún 1891 ni méjì nínú wọn, Ivan Pylypiw àti Wasyl Eleniak, gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ọdún kan ṣáájú kí òyìnbó tó bá wa jà ní Ìmàgbọ́n. Èrò wá wọ́ tẹ̀lé wọn torí ìjọba ń fún èèyàn ní ilẹ̀ éékà 160, dọ́là 10 péré lowó fọ́ọ̀mù. Dọ́là mẹ́wàá! Ẹ jẹ́ ká fi ti owó ilẹ̀ Ṣàgámù sílẹ̀ jàre.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Tọ́mọ àwọn ará Ukraine yẹn bá ń wá "Ukraine" nínú ìwé àtijọ́ Kánádà, ó lè má rí bàbá ńlá ẹ̀, torí abẹ́ Austria-Hungary ni ìlú tí wọ́n ti wá wà nígbà yẹn, ará Galicia, Ruthenia tàbí Austria ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wọn. Ìwé Austria yẹn náà ló kó bá wọn nígbà ogun 1914, ìjọba Kánádà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sí àgọ́ bí ọ̀tá torí Austria ni wọ́n ń bá jà, àgọ́ tó kẹ́yìn ò sì tú títí di 1920. Tiwa ńkọ́? Bàbá tó lọ London kó tó di 1960, páálí òyìnbó, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù wọn, ló mú dání, Ìjẹ̀bú Igbó tí wọ́n bí i sí sì lè ti di Lagos lórí ẹ̀. Torí ẹ̀, ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ilé, oríkì, orúkọ ìsàmì tàbí ti mùsùlùmí, orúkọ páálí, àti gbogbo bí wọ́n ṣe ṣi orúkọ ọ̀hún kọ, torí Onafowokan lè di Onafuwokan lọ́wọ́ akọ̀wé kan, ibẹ̀ lẹbí á ti pín sí méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe àwọn àgbà. Ẹ má sọ pé "ẹ sọ ìtàn yín" o, àdúrà ni wọ́n máa gbà títí dátà á fi tán. Ẹ bi wọ́n pé ilé ta lẹ kọ́kọ́ dé sí, ta ló ń fi gààrí ránṣẹ́ sí yín, kí lẹ wọ̀ nígbà òtútù àkọ́kọ́? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, bíírò máa ń ràn.

Oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ sì ń pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ju èdè lọ. Ẹyin Àjíǹde tí àwọn ará Ukraine ń pè ní pysanka, ìda ni wọ́n fi ń yà á kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ gan-an. Ní Vegreville ní Alberta, wọ́n gbé ère ẹyin pysanka ràgàjì kan nàró ní 1975. Torí náà, ẹ ká màmá yín sórí fídíò níbi tí wọ́n ti ń rín ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ariwo pákó ìrínṣu wọlé dáadáa.

Ìgbà tó rọrùn jù ni Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, torí gbogbo Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń wálé. Ẹ ti ṣáájì fóònù látàárọ̀, kẹ́ ẹ mú àgbà kan sábẹ́ ibòji kí ìlù tó gbóná, kẹ́ ẹ sì fi kópì kan sílé, ìkejì lọ́dọ̀ ọmọ tó wà lọ́hùn-ún.